Ó Retí Ẹjọ́, Ẹ̀jẹ̀ Ni Ó Rí: Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Nínú Aísáyà 5:7

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Ìwé Mímọ́, mo kí yín. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò, ìyẹn ẹsẹ keje nínú orí karùn-ún ìwé wòlíì Aísáyà, ìdajì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ mi sì dá lé jù lọ. Kí n tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á ní èdè Hébérù. Ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ kàn tẹ́tí sí ìró rẹ̀: vayqav lemishpat vehinneh mispach, litsdaqah vehinneh tse'aqah. Ẹ ó ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ méjì méjì ṣe ń jẹ́ ara wọn nípè, mishpat pẹ̀lú mispach, tsedaqah pẹ̀lú tse'aqah. Ọ̀rọ̀ méje péré ni, síbẹ̀ gbogbo ẹjọ́ tí Ọlọ́run bá Júdà ṣe ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ṣókí, ohun tí ẹsẹ náà ń wí ni pé Ọlọ́run retí mishpat, ìyẹn ìdájọ́, mispach ni ó rí, ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣòro tí a ó padà sí; ó retí tsedaqah, ìyẹn òdodo, tse'aqah, ìyẹn igbe, ni ó gbọ́. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ti pe “ìdájọ́” nínú ilé ìsìn, iná ni ọkàn mi máa ń lọ sí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ yìí, ìdájọ́ kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run fẹ́ wá fi jẹ àwọn ènìyàn níyà. Ohun tí ó retí láti bá lọ́wọ́ wọn ni, tí kò sì bá. Ẹni tí kò bá gbọ́ èyí ti dojú ẹsẹ náà kodò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù rẹ̀.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi ni Aísáyà ṣe iṣẹ́ wòlíì ní Jerúsálẹ́mù, nígbà ayé àwọn ọba Ùsáyà, Jótámù, Áhásì àti Hesekáyà. Orin ni ó fi bẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ọgbà àjàrà lórí òkè kan tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá. Ó kọ ilẹ̀ náà, ó ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, ó gbin àjàrà tí wọ́n ń pè ní soreq, èyí tí ó jẹ́ ààyò láàárín àjàrà, ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí àárín rẹ̀, ó sì gbẹ́ ibi ìfúntí sínú rẹ̀ kí èso tilẹ̀ tó yọ. Ẹni tí ó gbẹ́ ibi ìfúntí kí ó tó rí èso ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ retí. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí be'ushim. A lè pè é ní èso kíkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà le ju kíkan lọ, nítorí inú gbòǹgbò tí ó túmọ̀ sí “rùn” ni ó ti jáde, gbòǹgbò kan náà tí ìwé Ẹ́kísódù orí 7 lò nígbà tí ẹja kú sínú odò Íjíbítì tí omi náà sì ń rùn. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Aísáyà sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ kò tilẹ̀ pè é ní èso mọ́, ẹ̀gún ni wọ́n pè é.

Ní ẹsẹ kẹta, olóko náà dá orin dúró, ó sì gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Shiftu na, ó wí fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù àti àwọn ọkùnrin Júdà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí láàárín èmi àti ọgbà mi. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ sí ipò olùpẹ̀jọ́ níhìn-ín, tí ó rò tẹnu rẹ̀, tí ó sì béèrè pé kí àwọn olùgbọ́ gbé e yẹ̀wò bóyá ohun kan kù tí ó yẹ kí òun ṣe tí òun kò ṣe. Wọn kò mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ni olùjẹ́jọ́, gẹ́gẹ́ bí Dáfídì kò ti mọ̀ nígbà tí Nátánì ń pa àlọ́ ọ̀dọ́ àgùntàn fún un. Ẹsẹ keje ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìbòjú náà kúrò pé ilé Ísírẹ́lì ni ọgbà náà, àwọn ọkùnrin Júdà sì ni igi tí ó gbìn fún ìdùnnú ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé shiftu ẹsẹ kẹta àti mishpat ẹsẹ keje, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ kan náà tí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe lórí ọgbà rẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ láti ṣe láàárín ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí kí a wo lẹ́tà wọn. Láyé Aísáyà, kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n fi ń kọ Hébérù sílẹ̀. Àwọn àmì tóótòòtó tí ń fi fáwẹ̀lì hàn, àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tí à ń pè ní Masoretes ni wọ́n fi wọ́n kún un ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìwé àfọwọ́kọ wọn tí ó pé pérépéré tí ó sì lọ́jọ́ lórí jù lọ, ọdún 1008 ni wọ́n kọ ọ́, ó sì wà ní St. Petersburg ní orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà títí di òní. Àmì tóótó yìí náà ni ó ń ya “sh” sọ́tọ̀ kúrò lára “s”, nítorí lẹ́tà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Bí a bá wá yọ àwọn àmì náà kúrò, lẹ́tà mẹ́rin ni mishpat ní, mẹ́rin náà ni mispach ní, mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó yàtọ̀. Bákan náà ni tsedaqah àti tse'aqah, lẹ́tà kejì nìkan ni ó yà wọ́n. Àwa tí à ń ka Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú nǹkan báyìí. Ẹni tí ó kọ “ododo” láìfi àmì ohùn sí i, bóyá òdodo ni ó ń sọ ni o, bóyá òdòdó inú ọgbà ni, ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nìkan ni ó lè mọ̀.

Lójú tèmi, wòlíì náà kò fi ọ̀rọ̀ dárà kí ó kàn lè dùn ún gbọ́. Ẹnu ibodè ìlú ni ilé ẹjọ́ wọn wà, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí. Ní gbogbo àkókò tí Aísáyà ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń jókòó, wọ́n ṣì ń pe ẹlẹ́rìí, wọ́n ṣì ń ké ẹjọ́. Ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè, mishpat ni yóò pè é, àfi bí ó bá sún mọ́ ọn dé ibi lẹ́tà tí ó kẹ́yìn ni yóò tó mọ̀ pé mispach ni.

Kí wá ni mispach yìí? Ọ̀rọ̀ náà ṣòro, nítorí ibí yìí nìkan ni ó ti jáde nínú gbogbo Bíbélì Hébérù, kò sí ibòmíràn tí a lè fi wé e. Àwọn kan tọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan lọ tí ó túmọ̀ sí kí a da nǹkan sílẹ̀, títí kan ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Àwọn mìíràn so ó pọ̀ mọ́ sappachat, ohun tí ń sú sí ara tí ìwé Léfítíkù orí 13 kà mọ́ àwọn àmì tí àlùfáà ní láti yẹ̀ wò nítorí ẹ̀tẹ̀. Ìtumọ̀ Gíríìkì pè é ní ìwà àìlófin, ti Látìnì pè é ní ìwà àìtọ́, àwọn méjèèjì rí ìtumọ̀ mú ṣùgbọ́n ìró ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí a bá sì pè é ní ìnilára, a kò jìnnà sí òtítọ́. Èmi fara mọ́ ẹ̀jẹ̀, nítorí Aísáyà fúnra rẹ̀ ni ó tọ́ka sí i. Ní orí kìíní ẹsẹ 15 ó ní ọwọ́ wọn kún fún ẹ̀jẹ̀, ní ẹsẹ 21 ó sì sọ nípa Jerúsálẹ́mù pé ìlú tí ó kún fún mishpat rí, tí òdodo ń sùn sí, àwọn apànìyàn ni ó kù síbẹ̀ nísinsìnyí. Ohun kan náà ni ẹsẹ wa yìí tún wá sọ ní ọ̀rọ̀ méje.

Ọ̀rọ̀ mishpat fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀. Ó jáde ní ohun tí ó lé ní 400 ìgbà nínú Bíbélì Hébérù, kì í sì í ṣe ìjìyà ni ó sábà máa ń túmọ̀ sí. Nínú Diutarónómì 18:3, mishpat àwọn àlùfáà ni ìpín tí ó tọ́ sí wọn lára ẹran tí ènìyàn bá fi rúbọ, ìyẹn apá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àpòlúkù. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nínú Ẹ́kísódù 26:30, mishpat ni ètò tí Mósè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí ó bá ń gbé àgọ́ ró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wá dé ilé ẹjọ́, ó jẹ́ ìpinnu tí ń dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyí tí Aísáyà 1:17 fi lè sọ pé shiftu yatom, èyí tí a bá túmọ̀ ní ṣangiliti yóò jẹ́ “ẹ ṣe ìdájọ́ ọmọ aláìníbaba.” Bí a bá gbọ́ ọ bí mo ti ń gbọ́ ìdájọ́ lọ́mọdé, ó di pé a ní kí wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ òrukàn! Ohun tí wòlíì ń wí ni pé ẹ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, kí ohun tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Èmi kò dá àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì Yorùbá lẹ́bi. Ìdájọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa nínú Bíbélì tí ó parí ní 1884, dá àti ẹjọ́ ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, kò sì sí èébú kankan nínú ẹjọ́ dídá. Yorùbá tilẹ̀ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ kedere: a lè dá ẹjọ́, a lè dá ènìyàn lẹ́bi, a sì lè dá a láre. Ìwàásù wa ni ó dín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kù títí ó fi di pé dídá lẹ́bi nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Mo sì máa ń rò ó pé ìró ọ̀rọ̀ náà ràn wá lọ́wọ́ láti ṣì í gbọ́, nítorí ẹni tí ó dá ọjọ́ náà “dájọ́” ni, bí ẹni tí ó dá ẹjọ́. Etí wa gbọ́ ọjọ́ níbi tí wòlíì ti sọ ẹjọ́.

Tsedaqah ni ẹ̀kẹta, òdodo ni à ń pè é. Gbòǹgbò rẹ̀ ni Hébérù fi ń sọ pé a dá ènìyàn láre, ẹsẹ 23 nínú orí karùn-ún yìí sì lò ó bẹ́ẹ̀: ègbé ni fún àwọn tí wọ́n ń dá ẹni búburú láre nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń gba àre olódodo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ní ẹnu ibodè nìyẹn.

Tse'aqah ni èkẹrin. Igbe ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe igbe lásán. Igbe Sódómù tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ wá wádìí ni, igbe àwọn ẹrú ní Íjíbítì ni, igbe opó àti ọmọ òrukàn tí Ẹ́kísódù orí 22 sọ pé Ọlọ́run yóò gbọ́ dájúdájú ni. Nínú 2 Ọba orí 8, obìnrin ará Ṣúnémù tí ó sá fún ìyàn lọ sí ilẹ̀ Fílístínì fún ọdún méje padà dé, ó sì lọ ké pe ọba nítorí ilé rẹ̀ àti oko rẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n lò fún kíké rẹ̀. Ọba yan ìjòyè kan tì í, ó ní kí wọ́n dá gbogbo ohun ìní rẹ̀ padà pẹ̀lú èrè oko náà láti ọjọ́ tí ó ti kúrò ní ìlú. “Ẹ gbà mí o!” ni tse'aqah, ẹni tí ó sì ké e gbàgbọ́ pé ẹnìkan wà tí ó lè gba òun.

Báwo ni a ó ṣe wá túmọ̀ ẹsẹ yìí kí ìtumọ̀ àti ìró má bàa ya ara wọn? Èyí ni mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: Ó retí ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó rí, ó retí àre, arò ni ó gbọ́. Ẹjọ́ àti ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ ara wọn bí mishpat ti sún mọ́ mispach, àre àti arò náà sì jọra. Vehinneh tí Hébérù pè lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí a sábà máa ń pè ní “kíyè sí i,” mo jẹ́ kí “ni” ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí Yorùbá bá ti ní “ẹ̀jẹ̀ ni,” olùgbọ́ ti mọ̀ pé ohun tí ó ń retí kọ́ ni ó bá pàdé. Síbẹ̀ mo pàdánù nǹkan méjì. Ẹjọ́ nìkan kò sọ pé ẹjọ́ náà tọ́, nítorí a lè dá a ní èrú. Arò ni ó sì ń dùn mí jù, nítorí ẹni tí ọ̀ràn ti kọjá lórí rẹ̀ ni ó ń dárò, ẹni tí ó ń ké tse'aqah ṣì ń wojú ẹni tí yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ orí pẹpẹ ìwàásù ni mo ti ń ka ẹsẹ náà, ó ṣeé ṣe kí n fi ìró sílẹ̀ kí n sì sọ pé igbe “ẹ gbà mí” ni ó gbọ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ṣáájú pátápátá sí ìkẹyìn, vayqav, “ó retí.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jáde nínú orin yìí, ní ẹsẹ kejì, ẹkẹrin àti ekeje. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé a mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ó wà nínú Aísáyà 40:31, níbi tí a ti ṣèlérí agbára tuntun fún àwọn tí wọ́n bá dúró de OLÚWA. Ní orí karùn-ún, OLÚWA ni ó dúró de ènìyàn, bí àgbẹ̀ ti ń lọ wo oko rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹsẹ kẹjọ tí ó tẹ̀ lé e ń kígbe ègbé lé àwọn tí wọ́n ń so ilé mọ́ ilé, tí wọ́n ń fi oko kún oko títí àyè kò fi sí mọ́ fún ẹlòmíràn. Ilé àti oko, ohun méjì gan-an tí obìnrin ará Ṣúnémù torí rẹ̀ ké pe ọba. Ní ẹsẹ 16 ni a tó tún rí ọ̀rọ̀ méjì tí ó sọnù ní ẹsẹ keje: OLÚWA àwọn ọmọ ogun di gbígbéga nínú mishpat, Ọlọ́run mímọ́ sì fi ara rẹ̀ hàn ní mímọ́ nínú tsedaqah. Lẹ́tà kankan kò yí padà nínú wọn lọ́tẹ̀ yìí.