Òkúta Ìdànrè Ní Mọ̀lẹ́bí Ní Bràsíl

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìdànrè àti Oǹdó wá, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè ni mo ti ṣa òkúta ọwọ́ mi yìí. Ẹ gbà á, kí ẹ yí i wò. Ẹ ó rí èyí tó funfun bí iyọ̀ nínú rẹ̀, àti èyí tó dúdú, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́, tó tún dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkun Àtìláńtíìkì tí àwọn ará Ayétòrò ń wò lóde wọn kò tíì sí nígbà náà.

Bí ẹ bá ya aṣọ òfì sí méjì, ọjọ́ tí ẹ bá tún kó o pọ̀, etí ibi tó ti ya yóò bára mu, ilà ara rẹ̀ náà yóò sì bára wọn lọ. Ọmọdé tó bá wo àwòrán ayé mọ̀ pé etí Áfíríkà wọ inú etí Gúúsù Amẹ́ríkà. Àmọ́ etí lè ṣèèṣì bára mu. Ilà ni kí a yẹ̀ wò.

Patrick Hurley, onímọ̀ nípa òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò ní 1967. Ní Gánà, òkúta apá ìwọ̀-oòrùn Accra ti pé nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún. Láti ibẹ̀ wá sápá ìlà-oòrùn, títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iná abẹ́ ilẹ̀ ti tún òkúta sè ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀bá Accra ni ààlà àwọn méjèèjì ti wọ inú òkun. Wọ́n ní bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan rí, ààlà yẹn gbọ́dọ̀ tún yọ jáde lápá São Luís, ní Bràsíl. Wọ́n ṣírò ọjọ́ orí òkúta ibẹ̀, wọ́n sì bá ààlà náà níbẹ̀. Orí mi ṣì máa ń wú tí mo bá dé ibí yìí. Ilẹ̀ Pernambuco tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, irú òkúta Ìdànrè yìí wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí míì wà nítòsí. Ta ló ti tẹ ọ̀dà dúdú tó ń yọ láti inú ilẹ̀ ní Àgbàbú rí? Kì í fẹ́ fi bàtà sílẹ̀. Iyanrìn tí ọ̀dà yẹn rin, ìgbà tí ilẹ̀ méjèèjì ń ya, tí etí tiwa ń rì díẹ̀díẹ̀, ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú rẹ̀ jọ síbẹ̀.

Láti 1912 ni Alfred Wegener, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ti ń sọ pé ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan rí. Egungun Mesosaurus wà lára ẹ̀rí rẹ̀: ẹranko inú omi, bí mítà kan ní gígùn, tí wọ́n bá egungun rẹ̀ nínú òkúta ní Bràsíl àti ní gúúsù Áfíríkà. Irú rẹ̀ kò lè lúwẹ̀ẹ́ la òkun já. Àwọn onímọ̀ míì bi Wegener pé agbára wo ló ń ti ilẹ̀. Èsì rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó kú sí Greenland ní 1930. Ní 1963, Vine àti Matthews, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, ṣàlàyé ilà tí òòfà ilẹ̀ ayé fi sára òkúta ìsàlẹ̀ òkun: òkúta tuntun ń yọ́ jáde láàárín òkun, ó ń ti èyí tó ti dì sọ́tùn-ún sósì. Ó dùn mí pé Wegener kò sí láyé gbọ́ ọ.

Ọmọ iléèwé kan nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Òkè Ìdànrè náà ń rìn?”

Ó ń rìn, ọmọ mi, òun àti Àkúrẹ́ àti gbogbo Áfíríkà. Àwa àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà síra lọ́dọọdún. Wo èékánná rẹ: bó ṣe ń hù yẹn náà ni.