Ta Ló Ni Èéfín Yìí? Bí Ìṣirò Ṣe Ń Wá Orísun Ìdọ̀tí Afẹ́fẹ́

Ẹ káàbọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú ní ìlú ńlá, èéfín ọkọ̀ wà ńbẹ̀, èéfín igi tí wọ́n fi ń dáná wà ńbẹ̀, eruku ilẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ti pò mọ́ra, èéfín kì í sì í dárúkọ baba tó bí i. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n tí oníkálukú kó síbẹ̀?

Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tó bá há sára asẹ́ ló ń lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àwọn èròjà kan máa ń tú àṣírí. Tí levoglucosan bá pọ̀, igi tàbí koríko ló jó. Aluminium àti silicon, eruku ilẹ̀ nìyẹn. Vanadium pẹ̀lú nickel sábà máa ń tọ́ka sí epo dúdú tó ki, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń lò.

Ìṣirò wá dé. Ọ̀nà kan wà tó ń jẹ́ Chemical Mass Balance, àmọ́ ó fẹ́ kí ẹ ti mọ ohun tó wà nínú èéfín orísun kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Ọ̀nà kejì, Positive Matrix Factorization (PMF), tí Pentti Paatero àti Unto Tapper gbé jáde ní 1994, kò béèrè ìyẹn. Ó ń wo àwọn èròjà tó jọ ń lọ sókè, tí wọ́n sì jọ ń wálẹ̀, á kó wọn sí ẹgbẹ́ kan náà. Kò gba kí iye kankan kéré sí òdo. Nọ́ńbà tí kò bá sì dá ilé àyẹ̀wò lójú, ohùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀ nínú ìṣirò náà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní sọ fún yín pé “ọkọ̀ nìyí.” “Ẹgbẹ́ kẹta” ló máa sọ. Èèyàn ló ń sọ ọ́ lórúkọ, èèyàn náà ló sì ń pinnu iye ẹgbẹ́. Tí ẹgbẹ́ bá kéré jù, orísun méjì á wọ ara wọn. Tó bá pọ̀ jù, ẹyọ kan á pín sí méjì. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ti máa ń bá ara wọn jiyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá pẹ̀lú.

Àmì tí a fi ń dá orísun mọ̀ pàápàá ń yí padà. Láti January 1, 2020, IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, dín ìwọ̀n imí-ọjọ́ tí epo ọkọ̀ ojú omi ò gbọ́dọ̀ kọjá kù láti 3.5% sí 0.5%. Vanadium inú ọ̀pọ̀ epo náà bá a lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fi àmì àtijọ́ ṣírò lè rò pé ọkọ̀ ló dín kù ní èbúté, nígbà tó jẹ́ pé epo ni wọ́n pààrọ̀.