Mo Ti Fi Káàdì Ẹgbẹ́ Sílẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, tàbí ẹ kú àárọ̀, níbi yòówù tí ẹ bá ti ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí nígbà òṣèlú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ẹgbẹ́. Mo lẹ pósítà, mo kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, mo ṣọ́ àpótí ìbò títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ìjọba àwọn alátakò wa na àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn, mo pariwo títí ohùn mi fi há. A wá wọlé. Kò pé ọdún méjì, ìjọba tiwa náà na èèyàn. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìjọba ná." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó sì yọ̀ lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti ń fi í dánra wò tipẹ́.

Síbẹ̀, mi ò kúrò. Àwọn àgbà ní kò sí bí a ṣe lè se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Èmi ní irọ́ ni, alásè ni ò mọ̀ ọ́n sè, ká ṣáà pààrọ̀ alásè.

Orí ìlà fìsà lókè òkun lojú mi ti là. Wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù mi kí n tó fojú kàn án, bẹ́ẹ̀ mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ fẹ́ mi, onílé mi fẹ́ mi, àmọ́ akọ̀wé kan tí kò mọ èyíkéyìí nínú wa rí ló jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń gba ìtẹ̀ka mi. Mo bi ara mi pé, ta ni mo ṣẹ̀ gan-an?

Mo wá lọ kàwé. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rìn kiri Yúróòpù láìmú páspọ́ọ̀tù dání. Ogun ló sọ ọ́ di dandan. Ogun parí, dandan ò parí: lọ́dún 1920 àwọn ìjọba jókòó ní Paris, wọ́n fẹnu kò lórí bí ìwé náà ṣe máa rí.

Mo tún ka nípa Lysander Spooner, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1844 ó dá ilé iṣẹ́ tó ń kó lẹ́tà sílẹ̀, owó tó ń gbà kéré sí ti ìjọba. Ìjọba gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n fi òfin lé e kúrò nídìí òwò náà. Àmọ́ lọ́dún kejì àwọn náà dín owó tiwọn kù. Ibi yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá béèrè lẹ́yìn náà pé ìwé òfin Amẹ́ríkà, tí kò sí alààyè tó fọwọ́ sí i, báwo ló ṣe máa de ẹnikẹ́ni?

Anarchist ni wọ́n ń pe irú wa, àwa tá a ní ká mú ìjọba kúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí mi ti yí. "Ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí ńbẹ̀," báyìí ni wọ́n ṣe dá mi lóhùn. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, òfin yàtọ̀ sí ìjọba. Láti ọdún 930 títí di 1262, Iceland ní òfin, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọn ò lọ́ba, wọn ò lọ́lọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1262? Mo dákẹ́ díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìdílé alágbára díẹ̀ ló gba gbogbo agbára mọ́wọ́, tí wọ́n ń bá ara wọn jà, títí wọ́n fi lọ tẹrí ba fún ọba Norway. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọsẹ̀ títí di òní, mi ò ní purọ́ fún yín.

Fìsà mi máa tán lóṣù tó ń bọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ní kí n wá. Aago méje, màá ti wà lórí ìlà.