Yàrà Ni Kí Ẹ Lọ Wò: Bí A Ṣe Ń Mọ Odi Ọ̀yọ́-Ilé Nígbà Tí A Bá Débẹ̀

Ìlú Ọ̀yọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wáyé, níwájú àwọn tó ń palẹ̀mọ́ láti lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó ti di ahoro. A fi ìbéèrè àwọn olùgbọ́ sílẹ̀ níbi tó ti bọ́ sí.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti sanwó ọkọ̀, ẹ kú ìmúra.

Àwòrán ogiri ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbà kúrò lọ́kàn yín. Ẹni tó ti rí odi olókùúta ilẹ̀ Ṣáínà lórí tẹlifíṣọ̀n, tó wá gbé ojú yẹn lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, orí odi gan-an ni yóò dúró sí tí yóò máa bi ẹ̀ṣọ́ igbó léèrè pé, "Odi ọ̀hún dà?" Nígbà tó bá délé, á ní igbó lásán ni wọ́n mú òun lọ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ohun tó ń wá.

Odi àwọn baba wa ní apá méjì. Ogiri amọ̀ wà nínú, yàrà wà lóde. Inú yàrà ni wọ́n ti ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ogiri, nítorí náà iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Bí ọkọ́ ṣe ń sọ ilẹ̀ ìta di kòtò ni ogiri inú ń ga. Ogiri lè wó. Yàrà kì í wó ní tirẹ̀, kíkún ló máa ń kún. Yàrà ni kí ẹ lọ wò. Màá tún un sọ kí a tó dìde níbí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi náà ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, pé yàrà gbígbẹ yí i ká, pé ẹnubodè 10 ló ní, àti pé àyíká rẹ̀ tó 15 máìlì. 20 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ mítà 6, 15 máìlì sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 24. Ká ní ogiri náà nípọn ní mítà kan àbọ̀, tí a bá pín ìsàlẹ̀ tó nípọn pẹ̀lú òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú mítà kan péré lára odi, yẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀ yóò kún àpótí 9, àpótí tí gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Kí yẹ̀pẹ̀ yẹn tó lè jáde, yàrà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní mítà 3, kó sì jìn ní mítà 3. Ẹ wá fi kìlómítà 24 sọ ọ́ di púpọ̀: àpótí 216,000. Bí ẹnì kan bá lè gbẹ́ àpótí kan lóòjọ́, kó pò ó, kó sì gbé e lé ogiri, 2,000 ènìyàn yóò lo ọjọ́ 108. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko nìyẹn, láìka àwọn tó ń pọnmi àti àwọn tó ń dáná. Ìṣirò tèmi ni o, ẹnikẹ́ni lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìṣirò kankan tí yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ kékeré. Ẹni tó bá ní àwọn baba wa ò mọ ètò iṣẹ́ ìlú, kó wá bá àpótí 216,000 yìí fà á.

Ẹ tún wò ó láti ojú ọ̀tá. Ẹni tó bá bọ́ sínú yàrà oní-mítà 3, ogiri oní-mítà 6 wà lókè orí rẹ̀. Mítà 9 ló dúró sí iwájú rẹ̀, kì í ṣe 6. Ẹṣin ni Tápà àti Ìbàrìbá ń gùn wá jagun. Ẹṣin ni Fúlàní náà gùn lẹ́yìn wọn. Ẹṣin lè fo kòtò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò balẹ̀ sí bí ogiri bá dìde láti etí kòtò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá yọ yàrà kúrò nínú ọ̀rọ̀ odi ti yọ ìdajì agbára rẹ̀. Síta yàrà, wọ́n tún máa ń dá igbó sí kí ó ki, igbó ilé, kí ẹlẹ́ṣin má baà lè tò wá ní ọ̀wọ́. Clapperton náà rí igbó dídí yìí yí odi ká.

Mímọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ti bá wọn mọ ilé alámọ̀ rí ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ìparí òjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì wà nítòsí. Wọ́n á da omi sí yẹ̀pẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kó sùn, wọ́n á tún un tẹ̀, kí wọ́n tó bù ú ní ìṣù tò sórí ogiri ní ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ le kí èkejì tó gùn ún. Bí wọ́n bá kánjú, èyí tó wà nísàlẹ̀ á yọ ikùn, ogiri á tẹ̀. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, ìpele méjèèjì ò ní mú ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á là, ibẹ̀ ni òjò á gbà wọlé. Lórí odi gígùn bẹ́ẹ̀, ibi tí iṣẹ́ agbo kan ti pàdé ti agbo kejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Láti òkè ni òjò ti ń wẹ ogiri amọ̀ lọ, omi tó ń ta padà láti ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tín-ín-rín, ogiri á dojú dé. Apá kan á ṣubú sínú ìlú, apá kan á ṣubú sínú yàrà. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí nìyẹn: òkìtì gígùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó rí bẹẹrẹ lókè, àti kòtò gígùn tó bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Ìsàlẹ̀ kòtò tí ẹ fojú rí kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Ogiri àtijọ́ ló wà nínú yàrà yẹn, ó ti yọ́ padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ọ́n, ohun tí ẹ nílò kò ju òpó igi 2, okùn tí kì í fà, téèpù oní-mítà 30, àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti mọ ojú ilẹ̀. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òkìtì nínú ìlú, kí èkejì wà ní ìkọjá yàrà lóde, kì í ṣe lórí òkìtì fúnra rẹ̀. Òpó gbọ́dọ̀ ga kí okùn lè kọjá lórí òkìtì láì kàn án. Ẹ fi omi inú rọ́bà mú kí okùn dọ́gba, lẹ́yìn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ téèpù sílẹ̀ tààrà láti okùn dé ilẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ya iye wọ̀nyẹn sórí ìwé, ikùn yàrà àti ẹ̀yìn òkìtì á jáde síra wọn kedere. Ohun mẹ́ta ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Okùn á lọ sílẹ̀ láàárín tí kò bá le dáadáa, yàrà á wá dà bí ẹni pé kò jìn tó bó ṣe jìn. Téèpù á dúró lórí koríko tó ti wó lulẹ̀ dípò kó kan ilẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn wọn òkìtì ọ̀gán, kó pè é ní odi. Ọ̀gán máa ń dá dúró roboto ni. Odi máa ń lọ gbọọrọ, yàrà sì ń bá a lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnubodè pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ibi tí òkìtì ti já ni ẹnubodè. Níbi tí ẹnubodè wà, wọn kì í gbẹ́ yàrà débẹ̀. Ilẹ̀ líle ni wọ́n fi sílẹ̀ bí afárá kí èrò lè kọjá, ojú ọ̀nà àtijọ́ sì sábà máa ń jìn díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹran. Bí òkìtì bá já ṣùgbọ́n tí yàrà ń lọ láìdúró, òjò tàbí màlúù ló já a.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń sọ pé kí ìjọba fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tún odi náà mọ kí àlejò lè rí nǹkan wò. Mo lòdì sí i pátápátá. Kí wọ́n tó lè ri ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbọ́dọ̀ gé òkìtì náà. Inú òkìtì yẹn ni àpáàdì, eérú àti ìpele ilẹ̀ wà, èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Frank Willett ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Robert Soper àti Patrick Darling ya àwòrán odi náà. Babatunde Agbaje-Williams gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Odi bíi mélòó kan ni wọ́n bá, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó bá da sìmẹ́ǹtì lé e ti ya ojú ìwé náà.

(Níbí ni ìyá kan ti dìde láti àárín àwọn olùgbọ́: "Olùkọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Odi tó ga tó báyìí, ṣé òun ló wó kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú, àbí ìlú ló tú kí odi tó wó?")

Ìyá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ààfin ni mo fẹ́ kàn báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín jù ú lọ, ẹ jẹ́ ká dúró lé e.

Odi ló kọ́kọ́ wó. Ẹ wo bí a ṣe mọ̀. Ní 1826 tí Clapperton rí odi oní-20 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Richard Lander. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1830, Lander yìí kan náà padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, John. Ohun tí wọ́n kọ lọ́tẹ̀ yìí ni pé wọ́n ti jẹ́ kí odi bàjẹ́, pé ó ti di òkìtì eruku. Ojú kan náà ló rí i lẹ́ẹ̀mejì, àárín rẹ̀ kò ju òjò mẹ́rin lọ. Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́, ọjà ṣì ń ná.

Òjò mẹ́rin tó láti ṣe é. Ogiri amọ̀ tí wọn ò bá rẹ́ lórí lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ìlà rẹ̀ á gba omi lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ló dé tí wọn ò rẹ́ ẹ? Èmi gbà pé ọwọ́ ni kò sí. Àfọ̀njá ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin, wọ́n ti pa òun náà, ogun ti tú àwọn ìlú tó wà láàárín. Wọn kì í fi ọmọ ilé nìkan rẹ́ kìlómítà 24. Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá dúró ní mítà méjì-méjì, 12,000 èèyàn ni ẹ nílò, kí ẹnikẹ́ni tó sùn. Odi ńlá ń béèrè ìlú ńlá lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni Aláàfin Olúewu bá àwọn Ìbàrìbá lọ gbógun ti Ìlọrin, ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, kò sì bọ̀. Ìgbà yẹn ni ìlú tú. Àtìbà wá tẹ ìtẹ́ rẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọjà, Àgọ́ d'Ọ̀yọ́, ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀tá ló fọ́ odi Ọ̀yọ́-Ilé wọlé, kó fi ibi tó ti rí i hàn wá.

Ẹ tún rí i pé yàrà ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó rẹ́ òun. Ìdí tó fi wà síbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti ń na aago sí mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Inú Old Oyo National Park ni odi wà, ẹ gba ìyọ̀ǹda ní ọ́fíìsì wọn ní Ìsokùn níbí kí ẹ tó gbéra. Ìgbẹ́tì ni ẹ máa gbà wọ̀ ọ́. Ẹ má lọ láìsí ẹ̀ṣọ́ igbó, ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Nígbà òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ, ẹ ò ní rí yàrà títí ẹ ó fi jìn sí i. Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, omi lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba máàpù sórí fóònù nílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe é gbára lé. Níbi tí ẹ bá ti rí igi oṣè, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa, àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Àpáàdì, ẹ fi báírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi í síbi tó wà. Ẹ má ṣe sọ orí òkìtì di ojú ọ̀nà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti là ni àgbàrá máa ń gbà. Odi Ìgbòho náà wà lójú ọ̀nà fún ẹni tó ní ọjọ́ kan sí i. Ibẹ̀ ni àwọn Aláàfin sá sí nígbà ogun Tápà.

(Ọmọ yunifásítì kan béèrè bóyá drone lè rí odi láti òkè.)

Ó lè rí i, bí àwọn aláṣẹ ọgbà bá gbà fún yín. Ẹ má gbé e sókè lọ́sàn-án gangan, gbogbo ilẹ̀ á dà bíi pẹpẹ. Aago méje àbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ fò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun koríko. Oòrùn á wá láti ẹ̀gbẹ́, òjìji á ṣubú sínú yàrà, ẹ ó sì rí i bó ṣe ń lọ, ìlà dúdú kan ṣoṣo láàárín ilẹ̀ pupa, títí tí yóò fi forí kan àpáta.