Ìbínú tí mo yá Àbẹ̀ní

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn odi. Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo wà lónìí, nínú yàrá Màámi. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ṣé ẹ rántí Àbẹ̀ní, opó inú ìtàn tí mò ń kọ? Ojú ìwé méje gbáko ló fi sunkún nígbà tí mo wà ní Kánádà. Mo kà á, kò wọ̀ mí lára. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti wá sunkún.

Lọ́dún tó kọjá, Màámi ṣaláìsí. Ìwé ìrìnnà mi ò tíì jáde, orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé pósí sísàlẹ̀ báyìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Àwọn èèyàn ń pè, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," èmi náà ń dúpẹ́. N ò sunkún. Ọjọ́ kejì, mo lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo wá rí aṣọ kan nínú àpótí Màámi, adìrẹ ẹlẹ́kọ. Páànù tí wọ́n gé bátànì sí lára ni ọ̀pọ̀ ń lò níbí, ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìyẹ ni Màámi fi ń ya tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè. Ìdajì ni wọ́n yà. Háà, inú bí mi! Kí ni wọ́n ń kánjú lọ ṣe, tí wọn ò lè parí aṣọ ọ̀pá márùn-ún?

Ẹ̀gbọ́n wọn bá mi rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, láìparí. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò aró, ó rí bí ewé tútù; afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi. Ọ̀fọ̀ tèmi náà, lẹ́yìn ọdún kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ àwọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pa ojú ìwé méjèèje rẹ́. N ò gbé Màámi sínú ìtàn o, n ò lè ṣe é. Ìbínú yẹn nìkan ni mo yá Àbẹ̀ní. Ní báyìí, ó gbé rédíò ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Láfẹ́nwá. Ọmọkùnrin náà bi í pé ta ló fẹ́ máa gbọ́ ọ. Ó já rédíò gbà: "Ṣé mo ní kó o bá mi gbọ́ ọ ni?" Kò sí omijé kankan níbẹ̀, àmọ́ èmi tí mò ń kọ ọ́ ní láti dìde lọ bọ́jú.

N ò tíì mọ̀ bóyá á padà lọ sanwó. Ó jọ pé iná ti dé, ẹ jẹ́ n lọ ṣáájì fóònù mi.