Ẹni Tí Ìwé Owó Orí Kò Kà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìwé owó orí wò lónìí, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní Medford, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Boston ní Massachusetts, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí.

Ní 1737, olówó kan, Isaac Royall, kó láti Antigua wá sí oko tó rà ní Medford. Ẹrú 27 ló kó wá. Owó ibodè wà lórí ẹrú nígbà náà, ni Royall bá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fojú fo ti òun, torí òun kò kó wọn wá tà, ìlò ara òun ni. Ẹ ò rí i? Owó tí ọ̀gá wọn kò fẹ́ san ló gbé wọn wọnú ìwé ìjọba.

Nígbà tó di 1771, àṣẹ jáde pé kí gbogbo ìlú díye lé ohun ìní olúkúlùkù. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń yan ẹni tí yóò ṣe é, ní ìpàdé ìlú, kò ṣòro fún wọn láti mọ ẹni tó ní màlúù àti ẹni tí kò ní. Wọ́n ka ọkùnrin tó ti pé ọdún 16. Wọ́n ka ilé, ṣọ́ọ̀bù, owó èlé, ẹṣin tó ti pé ọdún 3, koríko gbígbẹ, títí kan ọtí ápù inú àgbá. Àyè kan sì wà láàárín ìwọ̀nyí fún “ìránṣẹ́ títí ayé”, láti ọdún 14 sí 45. Ẹrú ni wọ́n ń sọ. Ọdún tí èèyàn fi lágbára iṣẹ́ ni òfin kà, bó ṣe ka ti ẹṣin. Ọmọdé kò sí níbẹ̀, arúgbó náà kò sí.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Belinda wà lára ẹrú ilé Royall. Ní oṣù kejì 1783, ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìwé náà ní ó ti pé ẹni 70 ọdún, pé etí odò Volta ni wọ́n ti bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí àwọn òyìnbó tó gbé ohun ìjà dání já wọ inú igbó mímọ́, níbi tí òun, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń júbà Òrìṣà ńlá tó dá ohun gbogbo. Òrìṣà ni wọ́n kọ sínú ìwé náà.

Ẹni tó jẹ́ 70 ní 1783, nǹkan bí 58 ni yóò jẹ́ ní 1771. Ó ti kọjá 45. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá Belinda nínú kíkà ọdún yẹn kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ó ti lo bí 50 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdílé yẹn. Èyí ló mú kí n máa rọ àwọn tó ń fi irú ìwé yìí wá baba ńlá wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka òfin tó bí i, kí wọ́n mọ ẹni tó ní kí wọ́n kọ àti ẹni tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ìwé ẹ̀bẹ̀ kà.

Ọmọ Royall, tó jogún rẹ̀, ti sá lọ ní 1775, nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀, dúkìá rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Belinda sọ pé òógùn òun ló kó apá kan ọrọ̀ yẹn jọ. Wọ́n gbà fún un: pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 12 lọ́dún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ sísan rẹ̀ dúró. Ìyá náà tún padà lọ bá wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.