Ta Ni Yóò Sọ Fún Un Pé "Irọ́ Lo Pa"? Àwa Òǹkàwé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwé Ìpànìyàn Holcomb

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ òǹkàwé wa sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí ìwé In Cold Blood nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Mo fi díẹ̀ kún un níbi tí ìbéèrè yín ti là mí lóye. Ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ àwọn òkú. Herbert Clutter, àgbẹ̀ alálìkámà, ẹni ọdún 48. Bonnie, ìyàwó rẹ̀. Nancy, ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún 16. Kenyon, ọmọ wọn ọkùnrin, ẹni ọdún 15. Ní òru ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 1959 ni wọ́n fi ìbọn pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé wọn ní Holcomb, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Richard Hickock àti Perry Smith ni orúkọ àwọn tó pa wọ́n. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi orúkọ tiwọn sẹ́yìn ni, nítorí òun ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń rántí.

Truman Capote, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló kọ In Cold Blood, ìwé tí a kà. Inú ìwé ìròyìn The New Yorker ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1965, ó sì di odidi ìwé ní 1966. Nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwọn ará Holcomb kò ju bíi 270 lọ. Àwọn agboolé kan wà nínú ìlú wa yìí tí èrò inú wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló gbé apànìyàn dé ilé náà. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí òun àti Hickock jọ wà ní yàrá kan náà ti ṣiṣẹ́ rí lóko Clutter, òun ló sì sọ fún un pé àpótí irin kan wà nínú ilé náà tí owó ńlá wà nínú rẹ̀. Kò sí àpótí irin kankan. Ṣẹ́ẹ̀kì ni Clutter fi ń sanwó, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì wakọ̀ ju máìlì 400 lọ kí wọ́n tó débẹ̀. Nǹkan bíi dọ́là 40 sí 50 ni wọ́n rí kó, pẹ̀lú rédíò kan àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀mí mẹ́rin! Nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n yẹn gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò nínú ẹ̀wọ̀n, òun náà ló lọ tú àṣírí fún àwọn aláṣẹ. Arákùnrin kan nínú wa tó ń wakọ̀ láti Tàkíé nílùú wa níbí lọ sí Ìbàdàn sọ ọ́ dáadáa: ó ní ẹnu kan náà ló júwe ilé fún apànìyàn, òun ló tún júwe apànìyàn fún ọlọ́pàá.

Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n ní Las Vegas kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù kẹta ọdún 1960, àwọn ará ìlú méjìlá ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn ní Garden City. (Ní kóòtù tiwa níbí, adájọ́ ló ń dá ẹjọ́, níbẹ̀, ará ìlú ló ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi.) Kò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi ní wọ́n jẹ̀bi. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wá fa ọ̀rọ̀ náà títí di ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 1965, ọjọ́ tí wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì.

Ẹ ó rántí pé orí ìgbéyàwó ni ariwo ti kọ́kọ́ sọ láàárín wa. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó dàgbà jù nínú ọmọ Clutter kò sí nílé lóru ọjọ́ náà. Ọ̀kan ti wà nílé ọkọ, èkejì ń múra àtilọ. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n sin òkú mẹ́rin yìí ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó èkejì, nítorí pé ẹbí ti ọ̀nà jíjìn wá, gbogbo wọn sì ti péjọ. Màmá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kò gbà rárá. Wọ́n ní ìwà ọ̀dájú ni. Ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàbá, ìyá àti àbúrò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló ń fún un níyàwó ṣe? Awakọ̀ wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Ó ní òkú ọ̀fọ̀ ni, ọmọ náà kò sì ní bàbá tí yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́ mọ́, yálà lọ́sẹ̀ yẹn ni o, yálà lọ́dún tó ń bọ̀. Ó kúkú sàn kó wọlé ọkọ lójú ẹbí ju kó padà sí ilé òfìfo lọ. Ẹ jọ̀wọ́ màmá, lẹ́yìn awakọ̀ ni mo wà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe bínú, torí ìbínú yẹn fi hàn pé ẹ ti mú ọmọ náà bí ọmọ yín.

Ìjà tó le jù wá lórí Perry Smith. Òun ni òǹkọ̀wé náà sún mọ́ jù. A mọ̀ nínú ìwé pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Cherokee, pé ọtí ba ìyá náà jẹ́, pé wọ́n lu Smith nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí nítorí pé ó ń tọ̀ sórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa ní ibẹ̀ ni òun ti sunkún, pé ojoojúmọ́ lòun ń rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí òun sì ń bi ara òun léèrè pé kí ni yóò dà lọ́la. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan dáhùn pé bí ìyà ọmọdé bá ń sọni di apànìyàn, ìdajì àwọn tó jókòó sínú yàrá yìí ni ìbá ti wà lẹ́wọ̀n. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wa kò pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, pé kí a mọ ibi tí omi ti wọlé kò sọ pé kí ilé má wó.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà. Mi ò rò pé ẹ̀bi òǹkọ̀wé ni pé ó fẹ́ mọ Smith. Ẹni tó wà láàyè ló lè bá a sọ̀rọ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi ń lọ bá wọn lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i, tí òun náà ń kọ lẹ́tà sí wọn. Ta ló fẹ́ kọ lẹ́tà láti itẹ́ òkú? Àwọn tó sọ pé ìwé náà pa àwọn Clutter rẹ́ pátápátá, ẹ padà lọ ka apá àkọ́kọ́. Nancy wà níbẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ aládùúgbò kan bí wọ́n ṣe ń yan páì. Aṣọ pupa tó nà kalẹ̀ láti wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú wà níbẹ̀. Aṣọ yẹn náà ni wọ́n fi sin ín. Ojú ìwé tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn ojú ìwé díẹ̀ náà, àwọn òkú dákẹ́, àwọn apànìyàn sì ń sọ̀rọ̀ títí dé ìparí. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn. Ìwé ńlá ni ìwé yìí, ẹjọ́ ẹnìkan ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí kò sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá dìde. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn. Ó ní nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rojọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí: ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó ṣe, bí ebi ṣe pa á. Òun náà jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n bi í ni pé ṣé òun lòun dá òkú mọ̀ ní mọ́ṣúárì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó máa lọ jókòó. Ó sọ fún wa pé, "Mo ti múra láti sọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Mo ti ń fi kọ́ra nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí." Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò mọ ìwé àríwísí kankan tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí òótọ́ àti irọ́, torí ìwé yìí pe ara rẹ̀ ní ìtàn òótọ́. Capote kì í kọ nǹkan sílẹ̀, kì í sì í lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń lọ kọ ọ́ láti orí. Harper Lee, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá a lọ sí Kansas, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Màmá wa olùkọ́ kò rí àléébù nínú àtikọ ohun téèyàn há sórí. Wọ́n ní àrọ́bá ni bàbá ìtàn, pé orí làwọn baba wa kó odidi ìran sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń sun ìjálá yóò mọ̀ pé ọlọ́jàálá kì í dá wà. Bó bá ṣi oríkì ìdílé kan pè, ọlọ́jàálá mìíràn á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á ní irọ́ lo pa, bó ṣe rí kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ onílé náà wà níjòókòó, wọ́n á dá sí i. Ohun tó ń ṣọ́ ohun tí a há sórí nìyẹn. Ta ló jókòó ti Capote tó lè sọ fún un pé irọ́ lo pa?

Ìparí ìwé náà dùn púpọ̀. Alvin Dewey, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó darí ìwádìí náà, pàdé ọ̀rẹ́ Nancy kan ní ibojì, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọmọ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú yín ní ibẹ̀ ni ọkàn yín ti balẹ̀. Dewey fúnra rẹ̀ ló padà sọ pé ìpàdé yẹn kò wáyé. Ní 2013, The Wall Street Journal kọ̀wé nípa fáìlì ìwádìí àtijọ́ tó fi hàn pé lẹ́yìn tí ẹlẹ́wọ̀n yẹn tú àṣírí, ọjọ́ márùn-ún kọjá kí ọlọ́pàá tó lọ sí oko àwọn òbí Hickock. Nínú ìwé, kíá ni wọ́n lọ. Ẹni tí ìyẹn gbé níyì nínú ìtàn náà ni Dewey, Dewey kan náà tó ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́ jù. Awakọ̀ wa ní irọ́ kékeré ni. Lójú mi, kò kéré. Bí Oládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ níbí, bá ní kí Lápàdé rí ẹnìkan ní ibojì nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, nítorí òun ló dá Lápàdé sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dá Nancy Clutter sílẹ̀ sórí ìwé. Ibojì gidi ni tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n gidi ló sì ń lọ síbẹ̀.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú gbogbo èyí. Mo ní kó rántí orúkọ ìlú wa. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà fún wa, Ògúnlọlá, ọdẹ abẹ́ igi àjàgbọn, pa ọkùnrin kan nínú ìjà, wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé láti lọ jẹ́jọ́. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ pé jagunjagun kan, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ń da Ọ̀yọ́-Ilé láàmú, ló bá tọrọ àyè, ó pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ wá. A fi orúkọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ sọ ìlú. A fi Ògúnlọlá ṣe Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Mo wá bi gbogbo ilé pé kí ni orúkọ ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí ẹjọ́ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kó ipa nínú ìtàn tí ọmọdé ìlú yìí gbọ́ kó tó mọ ìwé kà. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Bàbá kan láti ìdílé ọdẹ ní àwọn ń lọ bi àwọn tó kù nílé.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé, bí ẹnìkan bá fẹ́ tún ìtàn Holcomb kọ, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní lára àpótí Kenyon. Ọmọ ọdún 15 yìí mọ iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn láyé, ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, ó ń fi fánìṣì kun àpótí igi kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bóyá fánìṣì yẹn ti gbẹ nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú ilé náà, àti ohun tí ìyàwó ọ̀sẹ̀ yẹn kó sínú rẹ̀.